Kí ẹ tó fi kún ìyára kọ̀ǹpútà yín: ohun tó yẹ kí ará Yábàá, Sùúrùlérè àti Mùṣín mọ̀ nípa overclocking àti RAM

Láti ìgbà tí Co-Creation Hub, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CcHub, ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní òpópónà Herbert Macaulay ní Yábàá ní ọdún 2011 ni orúkọ àdúgbò náà ti di ohun tí wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ wá sí Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ó yà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé inú páálí tuntun ni wọ́n ti yọ gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà láti Yábàá dé Sùúrùlérè títí wọ Mùṣín, kó lọ wo yàrá tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń to fídíò, tó ń gba orin sílẹ̀, tó ń ya àwòrán ilé ti ń ṣiṣẹ́. Tókúnbọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀: Dell OptiPlex, HP EliteDesk, Lenovo ThinkCentre, àwọn ẹ̀rọ tí ọ́fíìsì kan ní ìlú òyìnbó ti lò fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó kó wọn wá sí Computer Village ní Ìkẹjà.

Ní ọdún kìíní, inú ẹni tó rà á á máa dùn. Tó bá di ọdún kejì, tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ sí i, tí ohun tó ń gba ìṣẹ́jú 10 tẹ́lẹ̀ bá ti ń gba 40, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ bóyá ọgbọ́n kan wà tí wọ́n lè dá sí i kó lè yára láìra òmíràn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni wọ́n sábà fi ń dá a lóhùn: overclocking. Ọgbọ́n náà wà lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló gbà á, èyí tó sì gbà á pàápàá, Èkó ní ooru tirẹ̀, iná mànàmáná sì ní ìwà tirẹ̀. Èyí tó tún wá yani lẹ́nu ni pé iṣẹ́ tó ń so èso jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í sábà wà lára processor. Ara RAM ló wà.

Processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bí oníjó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ sí ìró ìlù ni òun náà ń ṣiṣẹ́ sí ìró aago kan tó wà lára motherboard, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́. Lára púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ òde òní, aago náà ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí wọ́n ń kọ ní 100 MHz. Processor á wá fi nọ́ńbà kan sọ ọ́ di púpọ̀. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 36, 100 lọ́nà 36 jẹ́ 3600 MHz, tí í ṣe 3.6 GHz. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló yan ìwọ̀n yìí, ó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè rẹ̀, nítorí pé àwọn processor tó jáde pọ̀ ní ọjọ́ kan náà dà bí ọmọ ìyá, agbára wọn kì í dọ́gba, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá rà wọ́n. Overclocking ni kí ènìyàn wọ inú àyè yẹn, kó sọ 36 di 38 tàbí 40, tàbí kó gbé 100 yẹn fúnra rẹ̀ sókè.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1998, Intel gbé processor olówó pọ́ọ́kú kan jáde tó ń jẹ́ Celeron 300A. Aago 66 MHz ló ń bá ṣiṣẹ́, ó ń sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 4.5, ìyẹn sì jẹ́ 300 MHz. Kò pẹ́ tí àwọn tó rà á fi rí i pé bí wọ́n bá gbé aago náà sí 100 MHz, á sáré ní 450 MHz, á sì máa bá èyí tí owó rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ fíìfíì du ipò. Àwọn oníjìbìtì náà kò sùn. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn kan ń ha orúkọ kúrò lára processor tí kò yára, wọ́n ń kọ ìyára tó ga sí i lára, wọ́n sì ń tà á lówó gọbọi. Lára ohun tí Intel fi dá wọn lẹ́kun ni pé ó ti nọ́ńbà ìsọdipúpọ̀ yẹn pa kí ẹnikẹ́ni má lè yí i. Títí dòní, púpọ̀ nínú processor Intel ló wà ní títì pa. Ẹni tó bá ti ra ọjà àlòkù tí wọ́n lẹ ìwé tuntun mọ́ lára rí kò ní fi bẹ́ẹ̀ bá Intel jà lórí èyí.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá processor yín ṣí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Intel, ẹ wo ìparí orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà K, bíi ti Core i5-2500K tó jáde ní ọdún 2011, túmọ̀ sí pé ó ṣí sílẹ̀. Core i5-6500 tí kò ní K wà ní títì. Bó bá jẹ́ ti AMD, àwọn Ryzen orí tábìlì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017 fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí sílẹ̀ tán, àyàfi díẹ̀ bíi 5800X3D. Processor nìkan kò sì tó, motherboard náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ní ti Intel, àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Z, bíi Z170 àti Z690, ló wà fún iṣẹ́ yìí. Ní ti AMD, B350, B450, B550 àti àwọn oní-X gbà, A320 àti A520 kò gbà. Àwọn OptiPlex àti EliteDesk, ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Nínú BIOS wọn, ìyẹn ojú ewé ètò tó ń jáde bí ènìyàn bá tẹ F2 tàbí F10 nígbà tí ẹ̀rọ ń tanná, kò sí ibi tí wọ́n ti ń yí nọ́ńbà yìí. Bí ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀bù bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín pé òun yóò ṣe overclocking fún OptiPlex tó ní i5-6500 nínú, ẹ ní kó ṣí BIOS náà níṣojú yín, kó fi ibi tí yóò ti ṣe é hàn yín kí ẹ tó na ọwọ́ sí àpò.

Ká sọ pé tiyín ṣí sílẹ̀. Bí processor bá ń sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, ó máa ń béèrè volt tó ga sí i kó má baà ṣìnà, ibẹ̀ sì ni ìnáwó wà. Iná tó ń jẹ àti ooru tó ń mú jáde ń bá ìyára pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n ti volt, ìlọ́po méjì ìwọ̀n náà ni wọ́n ń ṣírò. Bí ẹ bá fi ìdá 10 nínú 100 kún ìyára, tí ẹ sì fi ìdá 10 nínú 100 kún volt, ìṣirò rẹ̀ ni 1.1 lọ́nà 1.1 lọ́nà 1.1, èyí tó jẹ́ bíi 1.33. Processor tó ń jẹ watt 65 á di èyí tó ń jẹ 86. Ìdá 10 ni ẹ rà, ìdá 33 ni ẹ san. Àwọn mẹ́káníìkì Ládípọ̀ ní Mùṣín mọ irú ìṣirò yìí láìkọ ọ́ sórí ìwé: ọkọ̀ tí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì tó lágbára sí, tí radiator rẹ̀ sì jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, kò ní í pẹ́ tí yóò fi máa hó lójú títì.

Ooru Èkó wá ń dúró de ènìyàn níbẹ̀. Fáànù àti irin tó ń tu processor lára kò lè mú un tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò irú nǹkan báyìí ní ìlú òyìnbó sábà ń ṣe é nínú yàrá tó wà ní ìwọ̀n 20 sí 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Yàrá kan ní Mùṣín lọ́sàn-án oṣù kẹta, tí kò sí iná láti tan ẹ̀rọ amúlétutù, lè wà ní 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n 10 tó wà láàárín méjèèjì, orí processor ni yóò gùn. Èyí tó wà ní 80 lọ́hùn-ún á di 90 níbí. Ọ̀pọ̀ processor Intel sì ń fa ara wọn sẹ́yìn bí wọ́n bá dé 100, àwọn Ryzen 7000 ní 95, kí wọ́n má baà jóná. Ẹni tó bá fi overclocking gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé ibẹ̀ ti sọ ọ́ di arọ.

Nítorí èyí, kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan, ẹ yọ wáyà iná, ẹ ṣí ìbòrí kọ̀ǹpútà, ẹ gbọn eruku ọyẹ́ àti ti títì kúrò. Ẹ tú fáànù orí processor, ẹ nu thermal paste àtijọ́ tó ti gbẹ gbau kúrò, ẹ fi tuntun tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan sí i. Lára tókúnbọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́jọ láìsí ẹni tó wo inú rẹ̀, ìmọ́tótó yìí nìkan lè dá ìyára tó ti sọnù padà, kí overclocking máa lọ ní tirẹ̀.

Ti iná ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná gbé owó ẹyọ iná kan fún àwọn oníbàárà Band A láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225. Watt 21 tó lé nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, bí ẹ bá lò ó ní wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ fún oṣù kan, á jẹ ẹyọ iná márùn-ún, tó fi díẹ̀ lé ní ₦1,100 ní iye owó ìgbà náà. Kì í ṣe owó yẹn ló ń dẹ́rù bani. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni, àti volt tó ń lọ sókè sódò nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kékeré bá ń gbé kọ̀ǹpútà àti fíríìjì pọ̀. Processor tí wọ́n ti ti dé etí àyè rẹ̀ kì í fẹ́ kí iná ṣe é bẹ́ẹ̀. UPS tó dára ni ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ra, ẹ má sì ṣe àtúnṣe BIOS láé bí kò bá sí i, nítorí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ náà, motherboard lè kú pátápátá.

Ọ̀rọ̀ wá kan RAM. RAM ni tábìlì tí processor ń tẹ́ iṣẹ́ lé. Bí tábìlì bá há, tàbí tí ohun tó wà lórí rẹ̀ kò tètè dé ọwọ́, kò sí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè yára tó tí kò ní dúró. Ẹ fi wé iyán gígún. Ẹni kan lè dá gún un, ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá dojú kọ odó kan náà, bí ọmọ odó ọ̀kan ti ń gòkè ni ti èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, iyán á sì tètè kúnná. Ohun tí wọ́n ń pè ní dual channel nìyí: RAM méjì tó bára mu, tí processor ń bá sọ̀rọ̀ pọ̀, tí ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà sì di ìlọ́po méjì. Tókúnbọ̀ tó ní ẹyọ RAM 8 GB kan nínú ń fi ìdajì ọ̀nà yẹn ṣòfò. Bí kọ̀ǹpútà náà kò bá ní káàdì àwòrán tirẹ̀, tó jẹ́ pé inú RAM kan náà ló ti ń fa àwòrán, ìyàtọ̀ tí ẹyọ kejì ń ṣe máa ń hàn sí ojú lásán.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn agúnyán bá yára tí èkejì sì ń fà, ẹni tó yára ló gbọ́dọ̀ dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ odó á kọlu ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni RAM. Bí ẹ bá fi 3200 sí ẹ̀gbẹ́ 2400, méjèèjì á sáré ní 2400, tàbí kí ẹ̀rọ náà kọ̀ jálẹ̀ kò ní tanná. Ẹ ra èyí tó jọra: irú kan náà, ìwọ̀n kan náà, ìyára kan náà. Irú rẹ̀ ṣe kókó, nítorí DDR3 kò lè wọ ihò DDR4, DDR4 kò sì lè wọ ti DDR5. Bí motherboard bá ní ihò mẹ́rin, ìkejì àti ìkẹrin láti ọ̀dọ̀ processor ni wọ́n sábà ń fi méjì sí, ṣùgbọ́n àwọn kan fi àwọ̀ kan náà kun ihò tó bá ara wọn ṣe. Ìwé motherboard ló ń sọ ti tòótọ́.

Ohun kan wà tó ń dá ìjà sílẹ̀ nídìí RAM. Ènìyàn á ra èyí tí wọ́n kọ 3200 sí, á délé, á fi CPU-Z wò ó, á rí 1600, á sì gbà pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Kò sí jìbìtì ńbẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni DDR ń gbé ẹrù láàárín ìlù kan, nítorí náà 1600 tí CPU-Z fi hàn, 3200 ni. Bó bá jẹ́ 1066 lẹ rí, ìyẹn 2133, a jẹ́ pé RAM náà kò tíì lo gbogbo agbára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ RAM olówó iyebíye ló ń bẹ̀rẹ̀ ní 2133 tàbí 2400 títí olówó wọn yóò fi wọ BIOS lọ tan XMP, ètò tí Intel mú wá ní ọdún 2007, tàbí EXPO tí AMD mú wá ní ọdún 2022. Títan án jẹ́ overclocking kékeré: volt DDR4 á kúrò ní 1.2 lọ sí 1.35, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ tó ṣe RAM náà ti dán an wò. Ẹni tó bá ti ń lo irú rẹ̀ fún ọdún méjì láìtan XMP ti sanwó ohun tí kò jẹ.

Àmọ́ kí ẹ tó sáré lọ ra 3200, ẹ wo ohun tí processor yín gbà. Intel kọ ọ́ pé 2133 ni òpin DDR4 fún i5-6500, OptiPlex kò sì ní jẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, 2133 méjì á ṣe iṣẹ́ tí 3200 kan kò lè ṣe. Ní ti Ryzen, nǹkan mìíràn tún wọ̀ ọ́. Ọ̀nà kan wà nínú processor yẹn tí wọ́n ń pè ní Infinity Fabric, ó sì fẹ́ kí ìlù òun àti ti RAM dọ́gba. Fún Ryzen 3000 àti 5000 orí tábìlì, RAM 3600 ń lù ní 1800, ọ̀nà náà sì ń bá a rìn láìsí wàhálà. Ẹni tó bá gbé RAM lọ sí 4000 láìmọ̀ lè rí i pé ètò ti pín ìlù náà sí méjì, tí kọ̀ǹpútà sì ń fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nọ́ńbà CL tún wà lára RAM, tó ń sọ iye ìlù tó fi ń dúró kó tó dáhùn. Kó kéré ló dára: 3200 oní-CL16 ń dáhùn kíákíá ju 3200 oní-CL22 lọ.

Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ gbà, tó ti nu eruku, tó ti ní UPS, lè wá bẹ̀rẹ̀. Kó kọ́kọ́ kọ gbogbo nọ́ńbà tó bá nínú BIOS sílẹ̀. RAM ni kó mú ṣáájú, kó tan XMP, kó fi MemTest86 yẹ̀ ẹ́ wò fún wákàtí mélòó kan, àṣìṣe kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ sí. Lẹ́yìn èyí ni kó fi ẹyọ kan kún nọ́ńbà ìsọdipúpọ̀ processor, kó ṣí Windows, kó fi OCCT tàbí Prime95 gún un ní kẹ́ṣẹ́ fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó sì máa wo ìgbóná lórí HWiNFO. Bí ó bá dúró dáadáa, kó fi ẹyọ kan kún un sí i. Bí ó bá kú, tí ojú búlúù yọ, kó padà sẹ́yìn, tàbí kó fi volt tín-ín-tín kún un, bíi 0.02, kó tún un dán wò. Bí ìgbóná bá dé 85, ó tó gẹ́ẹ́. Kó má ṣe yí RAM àti processor pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí nǹkan bá bàjẹ́, kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Bí kọ̀ǹpútà bá sì kọ̀ tí kò tanná mọ́, kó yọ wáyà, kó yọ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 lára motherboard fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó dá a padà. BIOS á gbàgbé gbogbo ohun tó ṣe.

Kọ̀ǹpútà tó kú kọ́ ni ewu tó burú jù, nítorí ẹni tó ni ín á mọ̀ pé ó kú. Èyí tó burú ni RAM tó ń ṣe àṣìṣe kékeré láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó ń to fídíò ìgbéyàwó ní Sùúrùlérè lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì lórí irú rẹ̀, kó máa fi fáìlì pamọ́ lójoojúmọ́, kí oníbàárà wá gbà á kó rí i pé ibi tí ìyàwó ti ń wọlé ti já jálajàla. Ìgbéyàwó kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tún yà. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun gbọ́dọ̀ kó iṣẹ́ rẹ̀ sí ibòmíràn kó tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Volt tó pọ̀ jù náà sì ń jẹ processor díẹ̀díẹ̀, èyí kò sì yọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024, Intel kéde pé àṣìṣe kan nínú ètò tó wà nínú processor orí tábìlì ìran 13 àti 14 ń mú kí wọ́n béèrè volt tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, èyí sì ń ba àwọn kan nínú wọn jẹ́. Ó gbé àtúnṣe jáde láti oṣù kẹjọ, ó sì fi ọdún méjì kún àkókò tí wọ́n fi lè dá èyí tó bàjẹ́ padà. Èyí tó ti bàjẹ́, àtúnṣe kò lè wò ó sàn. Bí irú ìran yìí bá dé ọwọ́ yín ní tókúnbọ̀, ẹ béèrè bóyá BIOS rẹ̀ ti gba àtúnṣe náà.

Ẹ sì fi èrè wé ìnáwó. Bí ìyára bá fi ìdá 10 lé, fídíò tó ń gba ìṣẹ́jú 60 á gba bíi 55 ní èyí tó dára jù. Kọ̀ǹpútà tó ṣì ń lo hard disk oníyíyí kò ní mọ ìyàtọ̀ yẹn. SSD ni kí wọ́n rà fún un, lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n ra RAM kejì.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ ra RAM yẹn, ẹ mú èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà dání. Ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. PC3-12800 ni DDR3 oní-1600, PC4-17000 ni DDR4 oní-2133, PC4-25600 ni oní-3200. Lára àwọn mìíràn, ohun tí ẹ ó rí ni bíi PC4-2400T-UA2. Lẹ́tà U yẹn ló sọ pé ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni. Bó bá jẹ́ S, láptọ́ọ̀pù ló ni ín. Bó bá jẹ́ R, ti server ni, ó lè wọ ihò náà, owó rẹ̀ sì lè dín, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní fi tanná. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ lọ, kí wọ́n fi RAM méjèèjì sí i níbẹ̀, kí ẹ wọ BIOS, kí ẹ rí àpapọ̀ ìwọ̀n wọn, ìyára wọn àti ọ̀rọ̀ dual channel lójú ara yín kí ẹ tó sanwó.